Balógun Alùpùpù àti Afárá Onípákó Méjì

Bí a ò bá ní purọ́, onígbàjámọ̀ yìí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ irun gẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dá ọgbẹ́ sí èèyàn lórí o, àmọ́ apá kan irun máa ń ga ju apá kejì lọ, tó bá sì ní kí òun mú un dọ́gba, á tún gé èyí tó kù kọjá ààlà, títí oníbàárà á fi gbé orí kodoro tí kò bèèrè fún lọ sílé. Lódìkejì títì, ọ̀dọ́kùnrin kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó ní kílípà oríṣiríṣi, dígí gbàgàdà àti àga tó ń yí. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ wa ni èrò ń wọ́ sí láràárọ̀ Sátidé, tí àwọn mìíràn á gbé àpótí ìjókòó dání láti ilé. Ìtàn ni wọ́n ń bá wá. Irun wọn kàn ń tẹ̀ lé wọn ni.

Ìtàn alùpùpù ni. Nígbà èwe rẹ̀, kó tó ní ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń gbé àpótí abẹ rẹ̀ láti abúlé dé abúlé lórí alùpùpù, láwọn ọ̀nà tí ewúrẹ́ gan-an á kọ́kọ́ dúró rò kó tó gbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Balógun Alùpùpù, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, ti afárá onípákó méjì ni baba wọn.

"Pákó méjì péré ni, ẹ̀yin èèyàn mi," á wí, á na abẹ sókè. "Òjò ti rọ̀, odò ti kún, omi ń hó lábẹ́ bí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ń lọ lórí pákó tòsì, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Àfi bí nǹkan ṣe sọ fún mi pé, ọ̀tún! Mo yà sórí tọ̀tún. Kí n tó ṣẹ́jú báyìí, pákó òsì dá sódò, gbàù!"

"Ta ló sọ fún yín pé ó fẹ́ dá?" oníbàárà á bèèrè, tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ojú inú ni," Balógun á dáhùn, á sì fẹ́ irun kúrò lára abẹ.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò fiyè sí. Balógun lè sọ fún ọ nípa igi tó wà lápá ọ̀tún, nípa àwọn ọmọ tó ń juwọ́ lápá òsì, nípa ajá tó lé wọn láti ẹ̀yìn títí dé abúlé kejì. Kì í sọ ohun tó wà níwájú. Ibo ni ì bá ti rí i? Ẹ̀yìn obìnrin ló wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń wa alùpùpù. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ́bìnrin tí ìjọba fún ní alùpùpù láti máa fi gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sí àwọn abúlé. Ó bá onígbàjámọ̀ pàdé lọ́jọ́ kan tó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ nínú oòrùn, ó ní kó gun ẹ̀yìn, kó bá òun gbé àpótí yìnyín tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ wá, onígbàjámọ̀ á da aṣọ bo ọmọ lọ́rùn, á máa fi sísọ́ọ̀sì ṣe ṣákẹ́ṣákẹ́ létí rẹ̀; kí ọmọ tó mọ ohun tó ń lọ, nọ́ọ̀sì ti gún un lábẹ́rẹ́, ó ti ń fọwọ́ ra á lápá. Lójú ọ̀nà, ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Tí onígbàjámọ̀ bá fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún, kí nọ́ọ̀sì yà sọ́tùn-ún. Tó bá kan tòsì, kó yà sósì. Tó bá gbá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kó dúró. Níwájú ni ti nọ́ọ̀sì, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn ni ti onígbàjámọ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, wọ́n fẹ́ra, wọ́n bí ìbejì, nọ́ọ̀sì bọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, ìjọba sì gba alùpùpù wọn padà.

Ọjọ́ tí Balógun ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ìtàn afárá fún oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọkùnrin náà ní, "Ta wá ló wa alùpùpù?" Ọ̀dọ́ ni Balógun nígbà náà, ó fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún òun, ẹnu rẹ̀ sì yá ju orí rẹ̀ lọ. "Èmi ni," ó ní. Irọ́ ọ̀hún ò ju báyìí lọ nígbà tí wọ́n bí i. Àmọ́ bí irọ́ ti ń dàgbà ló ń jẹun, ẹni tó bí i náà ló sì ń bọ́ ọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ̀yìntì, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló máa ń jókòó sí, tí á máa hun súẹ́tà fún àwọn ọmọ-ọmọ. Kọ́tìnnì lásán ló wà láàárín. Gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, kò sì sọ nǹkan kan rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ Balógun mẹ́ta ló da omi àlàáfíà rú. Ẹ̀gbọ́n ni àgbà wọn, ó ti fẹ̀yìntì ní iléeṣẹ́ omi, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ra àga onítìmùtìmù kan fún un láti máa sinmi lé. Ó ní wọ́n fẹ́ kí òun ti inú àga náà bọ́ sínú pósí tààrà ni. Tíṣà ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, kò sì sí ohun kan lábẹ́ ọ̀run tí kì í ṣàlàyé, yálà o bi í tàbí o ò bi í. Káfíńtà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ọjọ́ tó bá bínú, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní alùpùpù, kò sì sí èyí tó gùn ún kọjá ibi iṣẹ́ àti ọjà rí. Balógun nìkan ni ò ní. "Ẹni tó ti gun ẹṣin ogun," ló máa ń wí, "ṣé á tún gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ ra iyọ̀?"

Ní Sátidé kan, Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó na ìwé pélébé aláwòrán kan sókè. Àwọn òkè ńláńlá ló wà nínú rẹ̀, àti ọ̀nà tó wé mọ́ wọn lára bí ọ̀já, àti àwọn èèyàn lórí alùpùpù tí eyín wọn funfun.

"Ìsinmi tiwa rèé," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ti ń yáni ní alùpùpù. A ó gùn ún lọ sí ilé àlejò tó wà lókè téńté, a ó sùn síbẹ̀, a ó sọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn á fún wa ní afinimọ̀nà. Mo ní kí wọ́n gbé afinimọ̀nà wọn pa mọ́. Àwa ní Balógun!"

Ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Balógun náà hó pẹ̀lú wọn. Kí ni ì bá ṣe? Lẹ́yìn kọ́tìnnì, irin ìhunṣọ tó ti ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dákẹ́ lójijì.

Nígbà tí èrò túká, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ tó ń fi súẹ́tà ọmọ nu omijé. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Ìyá Ìbejì, gbà mí."

"Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, Bàbá Ìbejì."

"Ojú á tì mí."

"Ó yẹ kó tì yín."

"Ẹ̀sín nìkan kọ́. Tó bá jáde pé irọ́ ni mo ti ń pa látọjọ́ yìí, ta ló tún máa wá jókòó sórí àga mi? Irun tí mò ń gẹ̀ yìí, ṣé òun ló máa fà wọ́n wá?"

Nọ́ọ̀sì ronú lórí ìyẹn. Kò rí ibi tó máa ti jiyàn. "Ó dáa," ó ní, "ẹ jẹ́ ká wá ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú."

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń lọ, ní pápá ìṣeré iléèwé kan tí kò sí èèyàn, pẹ̀lú alùpùpù tí nọ́ọ̀sì yá lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn. Ẹ ò bá rí Balógun! Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó wọ inú ọgbà òdòdó lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn. Ọjọ́ kejì, ó gba góòlù wọlé láìní bọ́ọ̀lù. Nọ́ọ̀sì á máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa pariwo. Nínú ilé, "ẹ" ló máa ń bá ọkọ rẹ̀ sọ, gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí wọ́n kọ́ nílé. Lórí alùpùpù, kò sí "ẹ" kankan. "Tú kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ òsì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀! Mo ní díẹ̀díẹ̀! Ṣé etí ẹ ti di ni?" Bó ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́ nìyẹn, Balógun ò sì jẹ́ kó mọ̀ pé inú òun ń dùn sí i.

Nígbà tó yá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbéra, ó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ohun kan ṣoṣo tó kọ̀ láti wọ̀ ọ́ lórí ni bí èèyàn ṣe ń gbéra lórí ilẹ̀ tó gòkè. Ó máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó tó fún un níná, ẹ́ńjìnnì á kú, alùpùpù á sì máa yí padà sẹ́yìn.

"Kò burú," nọ́ọ̀sì wí níkẹyìn, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Má ṣáà dúró lórí òkè. Bó ti wù kó rí, má dúró."

Ó tún sọ pé òun á bá wọn lọ, nínú ọkọ̀ tó máa kó ẹrù wọn, torí àgbàlagbà mẹ́rin tí orúnkún wọn ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo gbọ́dọ̀ ní nọ́ọ̀sì lẹ́yìn.

"O ò ní sọ nǹkan kan fún wọn?" Balógun bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé mo ti ń sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ni?" nọ́ọ̀sì ní, ó sì wọlé lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn gún Balógun lọ́kàn, ó sì wà níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n fún oníkálùkù ní alùpùpù, ìbọ̀wọ́ àti akoto. Ti Ẹ̀gbọ́n fún un lórí débi pé ojú rẹ̀ yọ síta. Balógun wo òkè náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó gun alùpùpù, ó rántí "díẹ̀díẹ̀" ìyàwó rẹ̀, ó sì gbéra. Àwọn mẹ́ta yòókù tò tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Nọ́ọ̀sì àti awakọ̀ ẹrù dúró sẹ́yìn láti di ẹrù.

Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ẹ̀rù ba Balógun, ó na ẹsẹ̀ òsì síta gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ lẹ́yìn rí i, ó na ẹsẹ̀ tirẹ̀. Tíṣà na tirẹ̀. Káfíńtà náà na tirẹ̀. Ní kọ́nà kejì, Balógun na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ké "Yéè!" Àwọn mẹ́ta náà na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n ké "Yéè!"

"Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni!" Tíṣà ń pariwo fún Káfíńtà. "Ẹsẹ̀ ló ń mú ìwúwo dọ́gba! Ohùn sì ń ṣáájú wa lọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lókè lè gbọ́!"

Káfíńtà mi orí. Ó sì ń na ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ti ń ro ó.

Balógun ò dúró níbì kankan. Wọ́n dé ibi tí omi ti ń já wá láti orí àpáta, Tíṣà pariwo pé kí àwọn ya fọ́tò, Balógun kọjá. Wọ́n dé abẹ́ igi kan tó ní ìbòòji dáadáa, tí àwọn tó ń gòkè máa ń sinmi sí, Balógun kọjá. Ẹ̀gbọ́n sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Balógun! Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí!"

"Ẹ mú un mọ́ra, Ẹ̀gbọ́n!"

Ẹ̀gbọ́n padà sẹ́yìn. "Ẹ rí i bí ojú rẹ̀ ṣe le," ó sọ fún àwọn tó kù. "Ọmọ ogun ni."

Ohun tí wọ́n ò mọ̀ ni pé, láàárín gbogbo ìbẹ̀rù yìí, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ sí Balógun. Ó ń wo iwájú. Ọ̀nà ń ṣí sílẹ̀ fún un bí ẹni ń tẹ́ ẹní, kọ́nà á gbé òkè kan mì, á sì pọ òmíràn jáde, àwọ̀ búlúù lórí àwọ̀ búlúù, afẹ́fẹ́ tútù sì ń fẹ́ lù ú láyà tí kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni láti gbà á dúró. Ó ní, áà, ohun tí obìnrin yẹn ń rí nìyí. Ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ nìyí, mo sì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ń tà á fún àwọn onírun. Ojú tì í lórí alùpùpù níbẹ̀, òun nìkan, láìsí ẹni tó ń wò ó.

Ibi tí ọ̀nà ti gòkè jù lọ ni àgùntàn ti pàdé wọn. Agbo ńlá ni, wọ́n kún títì láti etí dé etí, darandaran wọn sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ. Balógun fun fèrè. Àgùntàn tó wà níwájú wò ó, ó sì dùbúlẹ̀.

Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ó tẹ bíréèkì, ó dúró. Àwọn mẹ́ta yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí àgùntàn kọjá tán, Balógun tan ẹ́ńjìnnì, ó tú kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì kú. Alùpùpù yí padà sẹ́yìn, ó kan táyà Ẹ̀gbọ́n. Ó tún gbìyànjú, ẹ́ńjìnnì tún kú. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Darandaran ti jẹ́ kí àgùntàn rẹ̀ máa lọ, ó jókòó sórí òkúta, ó ń wòran.

"Balógun, kí là ń dúró dè?" Ẹ̀gbọ́n bèèrè.

Òógùn ń ṣàn sí Balógun lójú nínú akoto. Bó ṣe jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kì í wá ọ̀rọ̀ tì, ó là á, ó ní, "Mò ń tẹ́tí sí òkè ni."

"Háà," Tíṣà wí.

"Òkè máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yín."

Wọ́n pa á. Àgbàlagbà mẹ́rin dúró láàárín ọ̀nà, wọ́n yí etí sí àpáta. Darandaran náà yí etí tirẹ̀.

"Kí ló ń wí?" Káfíńtà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Mo gbọ́ nǹkan!" Tíṣà wí. "Ó ń kùn! Ó ń kùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀!"

Òótọ́ ni. Ọkọ̀ ẹrù ló ń bọ̀. Ó yọ ní kọ́nà, ó dúró lẹ́yìn wọn, nọ́ọ̀sì sì sọ̀ kalẹ̀ tòun ti báàgì ìtọ́jú. Ó wo gègéle náà, ó wo alùpùpù, ó wo ọkọ rẹ̀, ó sì mọ gbogbo rẹ̀. Ó rìn lọ bá a, ó yí ẹ̀yìn sí àwọn tó kù, ó rọra ṣí báàgì. Báńdéèjì funfun ló wà lókè.

"Ẹ na ọwọ́," ó sọ wẹ́lẹ́. "Mo máa wé e. Mo máa sọ fún wọn pé ọwọ́ yín ti rọ́, kí awakọ̀ bá wa gbé alùpùpù sẹ́yìn ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́n á gbà á gbọ́."

Balógun wo báńdéèjì. Ó dára. Ó mọ́. Á gba orúkọ rẹ̀ là, á gba àga ṣọ́ọ̀bù là, á sì tún di ìtàn mìíràn ní Sátidé tó ń bọ̀, ìtàn Balógun tó fi ọwọ́ tó rọ́ gun òkè. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yìí ti jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì látọjọ́ yìí, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìgboyà rẹ̀ pọ́n ẹlòmíràn lé, òun náà ló sì tún gbé báńdéèjì wá kí irọ́ náà má bàa kú. Ìfẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá sí i lójú, ó sì dùn ún pé òun ò yẹ fún un.

"Rárá," ó ní.

Ó sún sẹ́yìn lórí ìjókòó alùpùpù títí dé ìparí rẹ̀, ó sì fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo níwájú.

Nọ́ọ̀sì bọ́ akoto lórí ọkọ rẹ̀, ó dé e, ó gbé báàgì lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ níbi tí àpótí yìnyín máa ń wà, ó gun iwájú. "Sún mọ́ mi dáadáa," ó wí ketekete, tí gbogbo wọn gbọ́. "O fẹ́ já bọ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n, Tíṣà àti Káfíńtà yanu. Wọn ò gbọ́ kí obìnrin yẹn pe ọkọ rẹ̀ ní "ìwọ" rí. Nígbà tí wọ́n máa fi pa ẹnu dé, àjànàkú ti kọjá, wọ́n kàn rí nǹkan fìrí ni: obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ gbéra lórí gègéle náà láìsí gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n kankan, ó ń lọ, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Darandaran dìde, ó pàtẹ́wọ́.

Àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé e. Wọ́n sì rí i. Tí kọ́nà bá yà, Balógun á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kì í ya ẹsẹ̀, kì í ké yéè, bí ẹni pé ara kan ló wà lórí alùpùpù náà. Ọwọ́ rẹ̀ kan èjìká ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì yà, ihò kan kọjá lápá òsì. Ọwọ́ rẹ̀ kan tòsì. Òkúta kan kọjá lápá ọ̀tún. Kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́yìn alùpùpù tó Balógun láyé yìí.

Nígbà tí wọ́n dé ilé àlejò, Ẹ̀gbọ́n sáré wọ inú ilé lọ tọ̀, àwọn tó kù sì ń dúró de ọ̀rọ̀ àgbà. Ó pẹ́ kó tó jáde. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Balógun. O purọ́ fún wa."

"Mo purọ́, Ẹ̀gbọ́n. Òun ló wà á. Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyẹn, òun ni. Èmi kàn jókòó sẹ́yìn ni. Ẹ má bínú."

"Mo ti ń na ẹsẹ̀ láti àárọ̀!" Káfíńtà bú sí i, ìró ohùn rẹ̀ sì lọ kan òkè kejì, ó padà wá. "Láti àárọ̀! Ìbàdí mi!"

"Èmi tí mo ṣàlàyé ẹ̀ ńkọ́?" Tíṣà wí pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Balógun tẹ orí ba. Bí ó bá jẹ́ pé ibí ni ọ̀rẹ́ máa parí sí, bí àga ṣọ́ọ̀bù bá máa ṣófo, kó ṣófo. Nọ́ọ̀sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti mú ìhunṣọ rẹ̀ jáde, ó ń hun ún.

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí Balógun. "Ìtàn afárá," ó ní. "Tún un sọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an."

Balógun tún ohùn ṣe. "Lọ́jọ́ náà," ó bẹ̀rẹ̀, "ìyàwó mi ló wa alùpùpù. Èmi jókòó sẹ́yìn, mo gbé àpótí yìnyín lé ẹsẹ̀. Òjò ti rọ̀, odò ti kún. Pákó méjì péré. Mo máa ń sọ fún yín pé ẹ̀rù ò bà mí. Irọ́ ni. Bí mo ṣe rí omi yẹn, mo di ojú mi pinpin, mo ní ọwọ́ ẹni tó mọ̀nà ni mo wà. Òun ló rí i pé pákó òsì fẹ́ dá. Òun ló yà sọ́tùn-ún. Ojú inú tí mo fi ń ṣe fújà, tirẹ̀ ni. Mo jí i gbé ni."

Irin ìhunṣọ ti dákẹ́.

"O dijú?" nọ́ọ̀sì bèèrè.

"Mo dijú."

"Ìwọ lo fọwọ́ kàn mí léjìká ọ̀tún!"

"Ọwọ́ mi ń gbọ̀n ni, Ìyá Ìbejì. Gbogbo ara mi ló ń gbọ̀n."

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Ó wá wo ilẹ̀.

"Kí ló dé?" Balógun ní.

"Èmi náà dijú," nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò lọ. "Bí táyà ṣe gun pákó yẹn, mo dijú. Mo ní, ṣebí ó ń wò. Bí ọwọ́ ẹ ṣe kàn mí lọ́tùn-ún, mo yà sọ́tùn-ún. Kí lo rò pé ó fà á tí mi ò fi yọjú látẹ̀yìn kọ́tìnnì látọjọ́ yìí? Tí wọ́n bá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ pé pákó fẹ́ dá, kí ni mo fẹ́ sọ?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já bọ́ láti orí afárá. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé nọ́ọ̀sì, ó gbé Balógun tẹ̀ lé e, wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń rín, omijé ń dà, òwú ìhunṣọ sì wé mọ́ àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Tíṣà la ẹnu láti ṣàlàyé, kò rí nǹkan kan. Káfíńtà gbàgbé ìbàdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ò rín. Ó ti yíjú sí ọ̀nà tó wé mọ́ òkè lára títí dé ìsàlẹ̀ réré, ó ń wò ó.

"Lọ́la, tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀," ó ní, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnì kan nínú ẹ̀yin méjèèjì lajú."